Eyín Tí Káfíńtà Fi Gọ́ọ̀mù Dí

Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni ọkùnrin tí àwọn aládùúgbò ń pè ní Pákó-ò-purọ́ ti ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà, kò sì sí ilẹ̀kùn tó gbé kọ́ rí tó há. Ẹlẹ́fẹ̀ ni. Nígbà tó wá di ọjọ́ kẹrin tí kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, ìyàwó rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé. Olùkọ́ ọmọ kékeré ni obìnrin náà, ojú rẹ̀ kì í fo ohun tí èèyàn bá fi pamọ́. Ó bu omi tútù fún un, ó dúró tì í títí ó fi mu ún. Omi bọ́ lójú ọkùnrin náà.

"Bàbá wọn, ẹ ya ẹnu."

Ó yà á. Ọdún méjìlélógún sẹ́yìn ni dókítà eyín ti fi nǹkan dídán kan dí ihò eyín rẹ̀ kan lápá òsì. Fàdákà ni wọ́n ń pè é nínú ilé. Fàdákà ti lọ. Ohun mìíràn ló wà níbẹ̀, ó pọ́n bí ara àpótí.

"Kí lèyí?"

"Gọ́ọ̀mù ni. Mo pò ó mọ́ ìyẹ̀fun pákó. Bí a ṣe ń dí ojú ìṣó náà nìyẹn."

Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí. "Àṣé pẹpẹ ìwé ni mo fẹ́ lọ́kọ."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan yẹn ti tó òun, òun ò tún dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín kankan mọ́. Ìyàwó rẹ̀ mọ ìdí. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ọkùnrin kan tó ń yọ eyín kiri yọ ọ̀kan lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìnkùlé wọn. Òun ló bá wọn di orí ẹ̀gbọ́n mú. Ẹ̀jẹ̀ kò dá. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ẹ̀gbọ́n ti kú.

"Ẹni tí kò mọṣẹ́ ló pa ẹ̀gbọ́n yín," ni obìnrin náà sọ, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Ẹ̀yin náà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọṣẹ́ báyìí. Ẹ̀yin gan-an ni."

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà rẹ̀.

Obìnrin ni dókítà eyín tí wọ́n jọ lọ bá, kò tíì pé ogójì ọdún. Ó ya àwòrán eyín náà, ó fi òjìji dúdú tó ti ràn sábẹ́ hàn án.

"Bàbá, mo máa kó gbogbo eléyìí kúrò, kí n fá ibi tó ti jẹrà. Tí kò bá tíì dé iṣan, màá tún un dí."

"Tó bá ti débẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ṣeé ṣe ká yọ ọ́."

Pákó-ò-purọ́ dìde jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ṣókí, ó ń wo ilẹ̀. Dókítà yọ ìbòmú rẹ̀, ó fa àpótí ìjókòó sún mọ́ ọn. Kò sọ fún un pé kó má bẹ̀rù.

"Tí ẹ bá ti na ọwọ́ òsì sókè báyìí, mo dúró nìyẹn. Ì báà jẹ́ ìgbà ogún."

Ó gbabẹ́rẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kú tipiri. Ẹ̀rọ kò tíì kan eyín tó fi na ọwọ́. Dókítà dúró. Ó tún na ọwọ́. Obìnrin náà tún dúró. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà wá di apá àga mú.

Ẹ̀rọ náà han gooro. Gọ́ọ̀mù ń jáde ní wẹ́wẹ́, òórùn jíjó gba imú rẹ̀. Lójijì, nǹkan dún kà nínú orí rẹ̀. Dókítà fúnra rẹ̀ ló dúró lọ́tẹ̀ yìí. Etí ògiri eyín ti ṣẹ́. Káfíńtà wo ojú obìnrin náà, ojú náà kò kúrò níbi iṣẹ́.

"Ẹ fún mi ní irin ìfá kékeré," ó wí fún nọ́ọ̀sì.

Ó gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin ọwọ́ fá a. Ìró yẹn ni káfíńtà tẹ́tí sí. Igi tó ti jẹrà kì í dún lábẹ́ irin. Ibi tó bá le ló ń han. Fífá náà ń lọ wúyẹ́wúyẹ́, kò dún. Ọkùnrin náà ń retí ìró kan ṣoṣo. Nígbà tó ṣe, irin náà han fíntín.

"Ó ti kan ibi líle," ni dókítà wí. Káfíńtà ti mọ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ohun tó kù láàárín ibẹ̀ àti iṣan kò nípọn ju èèpo ẹyin lọ. Dókítà fi oògùn sí i, ó fi nǹkan rírọ̀ dí i ná. Ó ní kí wọ́n dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Tí eyín náà bá ń sọ kúlúkúlú, kí Bàbá tètè wá. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó sọ lóòótọ́. Ọkùnrin náà gbé ayùn sílẹ̀, ó jókòó sórí pákó, ó fi ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọ̀sán pọ́n, ó rọlẹ̀, kò sì tún sọ mọ́.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, dókítà fi ohun funfun líle dí i. Ó ní kó gé bébà aláró jẹ, kí ibi tó bá ga lè hàn.

"Ó ga díẹ̀ lápá ẹ̀yìn," ni Pákó-ò-purọ́ wí.

"Kò hàn, Bàbá."

"Ó ga."

Dókítà mú bébà tó fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmì kan yọ, kò tó orí abẹ́rẹ́. Ó rẹ́rìn-ín sínú ìbòmú, ó bù ú kúrò.

Nígbà tí ọkùnrin náà jáde, ìyàwó rẹ̀ ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lórí itan. "Kí ló pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?"

"Mò ń bá dókítà tún un ṣe ni."

Obìnrin náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó di ìwé rẹ̀ sínú àpò, wọ́n sì jọ fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.