Ọmọ Ta Ni Àṣírù Ń Gbé Lọ sí Ìjẹ̀bú?

Táìsì ni Àṣírù ń tẹ́ sínú ilé àwọn olówó ní VGC. Ibi iṣẹ́ ló sábà máa ń sùn. Ràhímátù, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin, kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Bí àwọn ọmọ inú kọ́ńpáùn wọn ní Addo ṣe ń pè é lòun náà ń pè é: Bùọ̀dá Àṣírù. Ẹ̀rín ni ìyẹn máa ń pa Afusat, ìyàwó rẹ̀.

Nígbà tí Afusat bí ọmọ kejì, tí dókítà ò tíì jẹ́ kó kúrò ní ọsibítù, kò sẹ́ni tó máa tọ́jú Ràhímátù nílé. Àṣírù ní òun yóò gbé e lọ bá ìyá Afusat ní Ìjẹ̀bú-Òde. Òun fúnra rẹ̀ ló wẹ̀ fún un, ló wọṣọ fún un. Ó kọ ẹ̀yìn aṣọ síwájú, kò sì mọ̀.

Wọ́n wọ mọ́tò ní Ajah. Wọn ò tíì kúrò ní Ìbẹ̀jú tí ọmọ ti ń ké pé màmá òun lòun fẹ́. Àṣírù fún un ní bisikíìtì, ó jù ú nù. Obìnrin àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ọdúnjọ ló jókòó tì wọ́n. Ó wo aṣọ ọmọ, ó wo irun tí wọn ò dì, ó wá wo Àṣírù tòkètilẹ̀.

"Ọmọ dáadáa, ta nìyí?" ó bi ọmọ náà.

"Bùọ̀dá Àṣírù."

Gbogbo èrò mọ́tò yíjú wo Àṣírù.

"Ọmọ mi ni, mà," Àṣírù yára sọ.

"Ọmọ rẹ ló ń pè ọ́ ní bùọ̀dá? Ìyá rẹ̀ dà?"

"Ó wà ní ọsibítù. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni."

"Pè é ká gbọ́."

Ó pè é, fóònù Afusat ti kú. Òógùn bo Àṣírù. Bí òógùn ṣe ń bò ó ni ara ń fu àwọn èrò sí i.

Bí mọ́tò ṣe yà sí gáréèjì Ẹ̀pẹ́, ọkùnrin kan bẹ́ sílẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó figbe ta: "Gbọ́mọgbọ́mọ rèé o!" Ká tó wí ká tó fọ̀, àwọn géńdé ti fa Àṣírù tòun tọmọ bọ́ sílẹ̀, wọ́n yí i ká, ẹnì kan sì gbá a lójú. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n wá táyà wá. Ràhímátù dì mọ́ ọn lọ́rùn.

Ìyá Ọdúnjọ sọ̀ kalẹ̀, ó dúró gbagidi níwájú wọn.

"Ẹni tó bá fẹ́ lù ú, kó kọ́kọ́ lu èmi. Èmi ni mo kọ́kọ́ fura sí i, mi ò sì tíì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n a kì í torí pé ara fu wá pa ọmọ ọlọ́mọ. Màá bá a délé tó ní òun ń lọ."

Àwọn géńdé náà fi wọ́n sílẹ̀. Nígbà tí mọ́tò gbéra, Ìyá Ọdúnjọ di etí aṣọ Ràhímátù mú, kò jù ú sílẹ̀. Ara wá ń fu Àṣírù náà. Kí lobìnrin yìí ń wá lẹ́yìn ọmọ òun? Ó rọra sún ọmọ sí apá fèrèsé.

Sìmbíátù, ìyá Afusat, ń gbálẹ̀ lójúde nígbà tí wọ́n dé. Ràhímátù rí i, ó sáré lọ dì mọ́ ọn.

"Ọmọ Afusat mi! Àṣírù, kí ló ṣe ọ́ lójú?"

Ìyá Ọdúnjọ rojọ́ gbogbo fún un. Ó wá yíjú sí Àṣírù. "Má bínú, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá tún rí irú rẹ̀ lọ́la, màá tún bèèrè."

Àṣírù kẹ̀yìn sí i. Ó lọ bọ́jú lẹ́yìnkùlé. Nígbà tó máa fi padà dé, Ìyá Ọdúnjọ ti gun ọ̀kadà, ó ti lọ.

"O ò tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀," Sìmbíátù sọ.

"Mà, ọpẹ́ ni àbí ìbínú? Mi ò tíì mọ èyí tó tọ́ sí i."