Ọmọ Olùkọ́ B ní Ilé-Ìwé A

Rímù ọkọ̀ kan ṣoṣo, tí wọ́n so mọ́ igi máńgòrò, ni wọ́n ń lù bí agogo fún ilé-ìwé ìjọba méjèèjì tó wà nínú ọgbà kan náà ní Bantè nígbà tí mo wà lọ́mọdé. A ń pe ọ̀kan ní A, a ń pe èkejì ní B. Àwa ará A ní sìmẹ́ńtì nílẹ̀, a ní àga, kíláàsì kọ̀ọ̀kan sì ní olùkọ́ tirẹ̀. Orí búlọ́ọ̀kù làwọn ará B ń jókòó sí, olùkọ́ kan ló sì ń kọ́ kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà pọ̀ nínú yàrá kan. Ìyá mi ni olùkọ́ náà. Àràárọ̀ la jọ ń jáde nílé. Tá a bá dé abẹ́ máńgòrò, òun á yà sí B, èmi á yà sí A, torí òun fúnra rẹ̀ ló fi mí síbẹ̀. Mi ò rí ohun tó burú nínú ẹ̀. Kódà, mo wà lára àwọn tó ń pe àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní "ọmọ eruku". Mo mà gọ̀ o!

Lọ́dọọdún ni ọ̀gá ilé-ìwé A máa ń fi ọ̀dà kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé gbogbo ọmọ òun ló yege nínú ìdánwò àṣejáde. Gbogbo ìlú ló ń kà á, títí kan àwọn tó ń sọdá ẹnubodè láti Nàìjíríà wá ta epo, wọ́n sì ń du àyè fún ọmọ wọn níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó ń ṣe fáwọn tó rí i pé wọn ò ní yege. Ìgbà tó kàn mí ni mo tó mọ̀. Ìṣirò ń dà mí láàmú. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n fi orúkọ wa ránṣẹ́ fún ìdánwò, ọ̀gá wọ kíláàsì wa, ó ní, "Ìwọ, kó báàgì ẹ. B ni wàá ti ṣe é." Tí mo bá fìdí rẹmi, ẹ̀bi B nìyẹn. Oníjìbìtì paraku! Mo sunkún gba àárín ọgbà kọjá, àwọn ọmọ eruku ń wò mí lójú fèrèsé.

Ìyá mi nàka sí búlọ́ọ̀kù kan. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ sún fún mi, ó wá bi ìyá mi pé, "Màdáàmù, ṣé ibí ti wá dáa tó fún un báyìí?" Ìyá mi kọjú sí pátákó.

Mo yege. Ọ̀gá A wá sílé wa, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ wa gbìyànjú o." Ìyá mi ò fún un lómi mu. Mo kórìíra ọkùnrin yẹn, mo ṣì kórìíra rẹ̀ dòní. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yẹn ló ń dùn mí jù.

Savalou ni mo ti ń ṣe olùkọ́ báyìí, ní ilé-ìwé ìjọba kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju B lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, tí wọ́n kó ọmọ tiwọn lọ síbòmíì, ń bi mí bóyá orí mi pé. Ọmọ mi wà nínú kíláàsì mi, lórí àga kẹta, tí òjò bá sì ń rọ̀, òrùlé ń jò sí òun náà lórí. Ó ní òun kórìíra ibẹ̀. Mo ní èmi náà kórìíra rẹ̀, kó ṣí ìwé ẹ̀.