Ohun Tó Ń Mí Létí Ràfíátù

Ẹ̀rín Ràfíátù ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí ojú rẹ̀. Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé wa ní Ṣómólú ni. Obìnrin kan jókòó sílẹ̀ láàárín òkìtì ìwé, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀gá wa ń pariwo láti òkè pé kí wọ́n bá òun pa rédíò yẹn. Kì í ṣe rédíò, òun ni.

Iṣẹ́ tiwa ni kí á to ìwé. Bí ẹ̀rọ bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, àwa obìnrin á jókòó sílẹ̀, a ó máa ṣa ojú ewé lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó tò ó, a ó ká a, a ó sì dì í. Gbogbo ọjọ́ la fi ń tẹ orí ba. Kò sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó ti Ràfíátù nínú wa. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni, ọmọ ilé kéwú, àfáà ni bàbá tó bí i. Hashim tó ń ta wáyà iná ní Pedro ló fẹ́, ilé wọn ní Fọlá Àgọ́rọ̀ kò sì jìnnà sí tiwa. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Àìṣà lorúkọ rẹ̀. Èmi ní tèmi, ọmọ Ìlàjẹ ni mí, oníṣọ́ọ̀ṣì, ọkọ mi ń pẹja ní etí ọ̀sà Bàríga. Ìyá Wonder ni wọ́n ń pè mí. Ẹja tí mo bá gbé wá láti ilé, èmi àti Ràfíátù la jọ máa ń jẹ ẹ́.

Orí fífọ́ Ràfíátù bẹ̀rẹ̀ bí orí fífọ́ gbogbo ayé. Ó lo Panadó, kò lọ. Wọ́n ní ibà ni, ó lo oògùn ibà. Wọ́n ní ojú ni, ó ra ìgò ojú. Ẹ̀yìn ọrùn ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, yóò gun àtàrí, yóò wá jókòó sẹ́yìn ojú rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bó bá ti dé báyìí, Ràfíátù á fi ìborùn di orí rẹ̀ le gbagidi, á kọjú sí ògiri, kò sì ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan iná.

Mọ́ṣáláṣí ni ọ̀rọ̀ náà ti wá dà rú. Wọ́n ń kírun Jímọ̀ lọ́wọ́, ó forí kanlẹ̀ láàárín àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì figbe ta. Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, bákan náà. Wọ́n pe Àfáà Mùtíù, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ tó ti kú, bàbá àgbà kan báyìí tí ohùn rẹ̀ rọ̀.

Bàbá náà bi í pé, "Tó o bá dúró ńkọ́, ṣé ó ń dùn ẹ́?"

"Rárá, sà."

"Tó o bá jókòó?"

"Rárá, sà."

"Tó o bá wá forí kanlẹ̀?"

"Hẹ̀n-ẹ̀n, sà. Ìgbà yẹn gan-an ni."

Bàbá náà mi orí. "Ọmọ mi, ta ni Ọlọ́run ní kó forí kanlẹ̀ nígbà ìṣẹ̀dá, tó kọ̀?"

Gbogbo ọmọ ilé kéwú ló mọ èsì yẹn. Èṣù, ìbìlísì. Ohun tó bá wà lára èèyàn tí kò fẹ́ kó forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run, kí ni à bá tún máa pè é bí kì í bá ṣe àlùjànnú? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá ẹjọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó jiyàn. Èmi bínú sí bàbá yẹn títí ó fi sú mi. Ṣùgbọ́n kò fi ibi kankan sínú, ohun tó mọ̀ ló sọ.

Ó kọ ẹsẹ Kùránì sórí wàláà, ó fi omi fọ̀ ọ́, ó fún un mu. Ó ń ké sí i létí pé kí ohun tó wà níbẹ̀ jáde. Ìgbà náà ni Ràfíátù jẹ́wọ́ pé òun ń gbọ́ nǹkan kan ní etí òtún, fìì, fìì, kì í dákẹ́. Àfáà wo ilẹ̀, ó ní, "Òun ni. Ó ń mí ni."

Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀rù ara rẹ̀ ló ń ba Ràfíátù. Kò rẹ́rìn-ín mọ́ níbi iṣẹ́. Bí a bá dápàárá, á fọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, á sì le bí igi. Àwọn aláìmọ̀kan inú wa ní ó ti ń gbéra ga. Ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó fa apá mi wọ ẹ̀yìn òkìtì ìwé.

"Ìyá Wonder, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi etí yín sún mọ́ tèmi. Ṣé ẹ ń gbọ́ ọ?"

Mo fi etí mi kan tirẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nìkan ni mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, mo yára gbé orí mi kúrò.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyá ọkọ rẹ̀, Alhája Amatullah, wá mú Àìṣà àti ẹrù rẹ̀ lọ sí ilé tirẹ̀ ní Pedro. Ó ní irú nǹkan báyẹn máa ń fò láti ara ìyá sí ara ọmọ. "Ọjọ́ tó o bá forí kanlẹ̀ láìké ni mo máa dá a padà fún ẹ." Hashim dúró níbẹ̀, ó ń wo bàtà rẹ̀. N kò rí ọkùnrin tó ń bẹ̀rù ìyá rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun kan ṣoṣo tí Ràfíátù wá ń lé kiri nìyẹn: kó forí kanlẹ̀ láìké, kí ọmọ rẹ̀ padà wálé. Á tẹ́ ẹní sílẹ̀ nínú yàrá, á ki ìbòrí rẹ̀ bọ ẹnu, á sì máa fi ara rẹ̀ dánra wò. Ní ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀, Alhája mú ọmọ náà wá kí i, ó ní kó kírun kí àwọn rí i. Mo wà níbẹ̀. Ràfíátù tẹ̀ ba, orí rẹ̀ kan ilẹ̀, ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kò jọ ohùn èèyàn. Àìṣà sá bọ́ síta láìwọ bàtà.

Ìṣubú ló gbà á là. Ó yí gbirigbiri látorí àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́ wa, mo sì gbé e lọ sí ọsibítù, n kò dúró gba àṣẹ ẹnikẹ́ni. Dókítà tó rí wa, Ọláwuyì lorúkọ rẹ̀, tẹ́tí sí gbogbo ìtàn náà, àlùjànnú àti gbogbo rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ó wá bi í pé, "Tẹ́ ẹ bá wúkọ́ ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ gbẹ́rù? Tẹ́ ẹ bá rẹ́rìn-ín?"

Ràfíátù bú sẹ́kún. Ó ń dùn ún nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rín gan-an ló burú jù. Kò sẹ́ni tó bi í rí, òun náà kò sì ka ìyẹn mọ́ ọn, torí orí ẹní ìkírun nìkan ni gbogbo wa ń wò.

Wọ́n ya àwòrán inú orí rẹ̀. Dókítà fi hàn wá bí ìsàlẹ̀ ọpọlọ rẹ̀ ṣe sọ̀ kalẹ̀ wọ inú ihò ọrùn, tó há síbẹ̀ bí èdídí lẹ́nu ìgò. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i. Bó bá tẹ orí ba, bó bá wúkọ́, omi tó yí ọpọlọ ká kì í rọ́nà kọjá. Ariwo etí yẹn ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ tó ń ṣàn ni.

Mo ti fẹ́ pariwo ayọ̀. Ràfíátù ní tirẹ̀ tẹjú mọ́ àwòrán náà títí, ó wá ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò dáadáa. Ṣé kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀?"

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Wọ́n gé egungun díẹ̀ kúrò lẹ́yìn orí rẹ̀ kí ọpọlọ lè ráàyè. Àfáà Mùtíù wá sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń sunkún bí ọmọdé. "Ọpọlọ ọmọ ọ̀rẹ́ mi ni mò ń kígbe mọ́." Ràfíátù ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Orí náà fúyẹ́. Ìwé kò já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ mo máa ń rí i tí yóò dáwọ́ iṣẹ́ dúró, tí yóò dẹ etí òtún, tí yóò sì máa dúró de nǹkan.

Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Ó ti dákẹ́, Ìyá Wonder. Àmọ́ mi ò mọ ibi tó lọ."

Mo ní, "Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n pè é, Ràfí. Ẹ̀jẹ̀ ò níbi tó ń lọ." Inú bí mi, torí ara mi náà kò balẹ̀.

Alhája mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ó mú Àìṣà dé pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, èmi náà sì gbé ẹja dé láti fi kí wọn káàbọ̀. Àkókò ìrun Alásárì ti tó. Ràfíátù tẹ́ ẹní, ó sì forí kanlẹ̀ níwájú gbogbo wa. Ó pẹ́ níbẹ̀, ó pẹ́ gan-an, kò fẹ́ dìde. Kò ké. Nígbà tó sálámà tán, omijé ti rin ojú rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí ọmọ rẹ̀.

"Àìṣà, ó yá, wá."

Ọmọ náà kò wá. Ó ti fi ẹ̀yìn ti ògiri, ẹnu rẹ̀ ń yára mì. Mo súnmọ́ ọn, mo gbọ́ Lárúbáwá.

"Ayatul-Kurisiyu ni," Alhája sọ ọ́ pẹ̀lú ìtìjú. "Èmi ni mo kọ́ ọ, kó máa fi ṣọ́ ara rẹ̀. Àìṣà, dákẹ́, ìyá ẹ ti yá."

"Ẹ jẹ́ kó kà á, Màmá," Ràfíátù dáhùn. "Kà á sókè, ọmọ mi. Ká jọ kà á."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á pẹ̀lú rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ọmọ ilé kéwú tó jẹ́, kò ṣi ọ̀rọ̀ kan pè. Wọ́n kà á dópin. Àìṣà wo ẹnu ìyá rẹ̀, ó wá fa aṣọ ìyá bàbá rẹ̀.

"Màmá, ṣé Mọ́mì ló ń kà á, àbí ẹni tó wà nínú wọn?"

 Ràfíátù náà yíjú sí wa, ó ń dúró de ohun tí a máa sọ.