Jígí Dúdú Lọ sí Ìgbó-Ọrà Lọ́dún Àpólò

Àkùkọ kò tíì kọ nígbà tí mo dìde láti kúrò nílé wa ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ìyá mi ti jí. Ó jókòó sínú òkùnkùn yàrá rẹ̀, ó fi gèlè bo ojú, nítorí pé iná àtùpà lásán ń gún un lójú bí abẹ́rẹ́. Àpólò ló mú un.

Ẹni tí kò bá gbé láyé lásìkò náà lè máà mọ ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ tí wọ́n pè ní Àpólò lọ sórí òṣùpá ni àrùn ojú kan bẹ̀rẹ̀ sí í jà káàkiri. Ojú á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, á wú, á máa ṣomi. Tó bá di àárọ̀, ipin á ti lẹ̀ ẹ́ pa. Àwọn èèyàn so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Wọ́n ní eruku òṣùpá ni wọ́n tú, pé afẹ́fẹ́ ló ń gbé e ká, àti pé bí èèyàn bá ti wo ojú ẹni tó ní in, ó ti kó o nìyẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni. N kò gba ọ̀rọ̀ eruku òṣùpá gbọ́, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹ̀rí tí mo lè fi já a nírọ́.

Dẹ́rẹ́bà kan ló mú iṣẹ́ wá láti Ìgbó-Ọrà nírọ̀lẹ́ àná. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi Wúrà wà nílé ọkọ, ibẹ̀ ló sì bí ìbejì sí. Dẹ́rẹ́bà ní Àpólò ti mú Táyé, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí oògùn rà, wọ́n ti ń kán an sójú àwọn méjèèjì.

Ìyá mi bi í pé, "Ṣé ó ti mú Kẹ́hìndé náà ni?"

"Kò mú Kẹ́hìndé o, Màmá. Àmọ́ ẹ ṣáà mọ̀ pé ìbejì ni wọ́n."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí ìyá mi sùn. Òun fúnra rẹ̀ kò lè lọ. Ó na jígí dúdú kan sí mi láti inú òkùnkùn. "Àṣàkẹ́, gba èyí. Jígí Àpólò ni, ẹni tó tà á fún mi ní kò sí afẹ́fẹ́ tó lè gbà á kọjá. Má wo ojú ẹnikẹ́ni lọ́nà. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ojú ọmọ Wúrà fọ́."

Mo yẹ jígí náà wò lójúde. Àlàfo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gba ìka méjì. Síbẹ̀ mo fi í sójú, torí pé ìyá mi ló fún mi.

Ní gáréèjì, ṣílè márùn-ún ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Bọ́lẹ̀kájà onígi ni ọkọ̀ náà, ìjókòó pákó, ẹrù lábẹ́ ẹsẹ̀. Bí mo ṣe gbẹ́sẹ̀ wọlé báyìí, ìyá ẹlẹ́ja kan tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà fa agbọ̀n rẹ̀ mọ́ra.

"Ẹ̀yin èèyàn, ẹ sún o! Àpólò ti wọkọ̀!"

Gbogbo wọn yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ronú pé kí n lọ jókòó níwájú, ni dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ náà bá ké: "Kì í ṣe ọ̀dọ̀ tèmi o! Ojú tèmi yìí ló máa gbé gbogbo yín délé!"

Mo bọ́ jígí náà kí wọ́n lè rí i pé ojú mi mọ́.

"Áà, ojú ẹ̀ funfun báláú," ni ìyá ẹlẹ́ja wí. "Kí ló wá ń fi jígí ṣe?"

"Fàájì ni," ni ẹnì kan dáhùn láti ẹ̀yìn. "Sìsí Ìbàdàn ni."

Báyìí ni mo ṣe mọ̀ pé ohun tí wọ́n tà fún ìyá mi kì í dáàbò bo ẹni. Ó kàn ń jẹ́ kí wọ́n sá fúnni ni.

Kò pẹ́ tí a fi Ìdó sẹ́yìn tí ọ̀nà fi bẹ̀rẹ̀ sí í burú. Ọ̀dà ti ṣí lọ níbi púpọ̀, ilẹ̀ pupa ló kù. Ìgbà ọyẹ́ ni, eruku sì ń wọlé láti gbogbo ihò pákó. Gbogbo ìgbà tó bá ti rú, àwọn èrò á fi aṣọ bo ojú, wọ́n á máa ṣépè fún òṣùpá. Nígbà tí a sún mọ́ Ẹ̀rúwà, mo rí àwọn àpáta ńlá tí wọ́n sá ẹ̀gẹ́ láfún sí, tí wọ́n funfun gbòò nínú oòrùn. Eruku kan náà ń bà lé láfún náà. Kò sẹ́ni tó bẹ̀rù pé òun máa jẹ òṣùpá.

A dúró ní Ẹ̀rúwà. Mo ra wàrà Fúlàní ní tọ́rọ́, mo sì fi ẹ̀kọ jẹ ẹ́. Bí wọ́n ṣe ń kíra wọn níbẹ̀ yà mí lẹ́nu. Nílé wa, ẹni tó bá kí ọ láìwò ọ́, ìjà ló ń wá. Ní Ẹ̀rúwà lọ́jọ́ náà, wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń béèrè ilé àti ọmọ, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ojú tó kọ sí ògiri. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá parí, wọ́n á bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n á sì fi ọwọ́ kan náà nu omi ojú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura.

Ibẹ̀ ni ọkùnrin kan ti wọkọ̀ wa. Aṣọ funfun bíi ti dókítà ló wọ̀, ó gbé báàgì awọ dání. Bí ọkọ̀ ṣe gbéra, ó dìde, ó di igi òrùlé mú.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín o. Mi ò ní wo ojú yín, kí ẹ̀yin náà má wo tèmi." Èrò rẹ́rìn-ín. "Òyìnbó ti lọ da òṣùpá rú. Ta ló lè tilẹ̀kùn mọ́ afẹ́fẹ́? Kó dìde! Kò sí? Ó dáa. Omi Ojú Kedere rèé. Kán an kí Àpólò tó dé, kò ní í dé. Kán an bó bá dé, á lọ. Ṣílè mẹ́ta péré."

Mo rò ó wò. Bí àrùn kò bá dé, oògùn ló dí i lọ́nà. Bó bá dé tó sì lọ, oògùn náà ló lé e. Ọ̀nà wo ni a fẹ́ gbà mọ ọjọ́ tí kò ṣiṣẹ́?

Ojú ìyá ẹlẹ́ja ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀, ó sì ní kó kán an fún òun. Ọkùnrin náà fi ọ̀pá rọ́bà kékeré fa omi náà láti inú ìgò.

"Yéè! Ata ni!"

"Bó bá ń ta, iṣẹ́ ló ń ṣe, Màmá."

Ẹnu ọ̀pá náà kan ìpéǹpéjú rẹ̀. Mo rí i. Ọkùnrin náà kò nù ún, ó ti kọjá sọ́dọ̀ bàbá kan tí ojú rẹ̀ mọ́ toní. Ó kán an fún ìyẹn. Ó tún kán an fún ẹlòmíì. Ó kàn mí.

"Sìsí, ṣí ojú."

"Ẹ ò fọ ẹnu ọ̀pá yẹn," ni mo wí. "Ó kan ojú màmá yìí, ẹ sì gbé e lọ sójú bàbá."

"Oògùn ló wà nínú ẹ̀, Sìsí. Ta ní í fọ ọṣẹ kó tó fi wẹ̀?"

Ọkọ̀ hó fún ẹ̀rín. Mo yí orí kúrò lẹ́nu ọ̀pá náà. Dẹ́rẹ́bà pariwo láti iwájú pé ṣé ọjà rẹ̀ ń yá lójú ọ̀nà yìí.

"Ìgbó-Ọrà ló ti ń yá jù! Mi ò wulẹ̀ wá aláìsàn níbẹ̀. Ilé ìbejì ni mo ń béèrè. Bó bá mú ọ̀kan, méjì ni wọ́n ń kán an fún!"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Láti ibẹ̀ dé Ìgbó-Ọrà, n kò rí ọ̀nà mọ́, ojú Kẹ́hìndé nìkan ni mò ń rò.

Ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti gbàgbé pé eruku ti mú kí n dá jígí padà sójú.

"Dúró síbẹ̀! Ìwọ náà ti kó o, o wá ń gbé e bọ̀ wá bá ọmọ wa?"

Mo bọ́ ọ kíá, mo kúnlẹ̀. "Ojú mi mọ́, Màmá." Ṣùgbọ́n bí mo ṣe sọ ọ́ ni nǹkan kan sọ sí mi lọ́kàn. Ojú mi mọ́, ọwọ́ mi ńkọ́? Èmi ni mo nu ojú ìyá mi lóru àná. Mo ní kí wọ́n bá mi bu omi, kí wọ́n fún mi lọ́ṣẹ.

Wúrà jáde síta. "Àṣàkẹ́! O ò tiẹ̀ tíì kí mi, ọwọ́ lò ń fọ̀?"

"Ẹ jẹ́ kí n fọ̀ ọ́ ná, ẹ̀gbọ́n mi."

Nínú yàrá, ojú Táyé ti wú bí ọmọ àgbálùmọ̀. Kẹ́hìndé ń wò mí pẹ̀lú ojú tó mọ́ gaara. Ìgò Ojú Kedere wà lórí fèrèsé. Ìyá Àgbà mú aṣọ funfun kan, ó fi nu ipin ojú Táyé jẹ́jẹ́, ó sì gbé aṣọ náà, láìyí i padà, lọ sójú Kẹ́hìndé.

Mo fẹ́ ké, mo gbé e mì. Àbúrò ìyàwó ni mí nínú ilé yẹn. Ohùn mi kò gbọdọ̀ ròkè.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ ń nu ti Kẹ́hìndé?"

"Ohun tí a bá ṣe fún Táyé là ń ṣe fún Kẹ́hìndé. Ṣé wọn kì í bí ìbejì n'Íbàdàn ni? A nu ojú ọ̀kan ká fi èkejì sílẹ̀, kó wá bínú lọ?"

Ẹ̀wù pupa méjì tó jọra ni wọ́n sá sórí okùn lójú fèrèsé. Mo wò wọ́n.

"Màmá, ẹ̀wù tí ẹ rán fún wọn yìí, ṣé ẹ lè rán ẹyọ kan kí wọ́n máa pín in wọ̀?"

"Èèwọ̀! Ta ló gbọ́ irú ẹ̀ rí? Kálukú ló ni tiẹ̀."

"Aṣọ ìnujú wọn wá ṣe jẹ́ ẹyọ kan, Màmá?"

Ìyá Àgbà wo aṣọ ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí, ó wo Wúrà.

"Ìyá Ìbejì," ni ó wí, "àbúrò rẹ yìí ń fi ìbejì mi mú mi." Ó bú sẹ́rìn-ín. "Gbé aṣọ méjì wá. Gbé abọ́ méjì wá. A ti ń rẹ́ ọmọ wọ̀nyí jẹ láti ọjọ́ yìí!"

A se omi, a fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, a jẹ́ kó tutù. Wúrà mú Táyé, èmi mú Kẹ́hìndé, kálukú pẹ̀lú abọ́ àti aṣọ tirẹ̀, a sì ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ wa. Ìgò náà kò kúrò lórí fèrèsé àfi ìgbà tí a lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Nọ́ọ̀sì gbóòórùn rẹ̀, ó fajú ro, ó ní ká dà á nù. Ó ní Àpólò á lọ fúnra rẹ̀. Ọwọ́ àti aṣọ ló ń gbé e kiri. Ìyá Àgbà da oògùn nù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fọ ìgò rẹ̀ pa mọ́, ó ní ìgò kò ṣẹ̀.

N kò kúrò níbẹ̀ títí ojú Táyé fi là. Ti Kẹ́hìndé kò pọ́n rárá. N kò lè búra pé aṣọ méjì ló gbà á; ó lè jẹ́ orí rẹ̀ ló bá a ṣe é. Ṣùgbọ́n ní ilé kejì, níbi tí wọ́n ti ń fi aṣọ kan nu ìbejì, ojú mẹ́rin ló pọ́n.

Nígbà tí mo padà dé Ìbàdàn, ìyá mi ṣì wà nínú yàrá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ti ń yá a. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi, ó yíjú sí ògiri kíá kó má baà kó o ràn mí.

"Ojú Kẹ́hìndé ńkọ́?"

"Ó mọ́, Màmá. Ti Táyé náà ti là."

Ó mí kanlẹ̀. "Jígí yẹn ṣiṣẹ́ nìyẹn."

Mo gbé jígí náà sórí tábìlì. N kò jà á níyàn. Mo lọ fọ ọwọ́ mi, mo wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ṣí gèlè tó fi bo ojú, mo sì wo ojú ìyá mi.