Àìsàn Àfọwọ́fà

Láyé ọjọ́un, kò sí ọlọ́mọ́tò kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tó fẹ́ràn mọ́tò rẹ̀ tí kò mọ Walter Awósàńyà. Péńtà mọ́tò ni, ọkùnrin kúkúrú tí ọ̀dà kì í tán lábẹ́ èékánná rẹ̀. Bí ẹ bá gbé mọ́tò tó ti dógùn-ún wá fún un lójú ọ̀nà Ìmùsìn, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dá a mọ̀ mọ́ nígbà tí ẹ bá padà wá gbé e. Ohun méjì ni kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀fẹ̀ àti sìgá. Bí Susannah ìyàwó rẹ̀ bá ní kó fi sìgá sílẹ̀, a ní, "Màmá Ṣẹ́gun, èwo lẹ fẹ́ kí n jù nù nínú méjèèjì? Bí sìgá bá lọ, ẹ̀fẹ̀ á bá a lọ o." Susannah a rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ a parí síbẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ló wá ń dùn ún jù nígbà tó yá.

Ọdún tí ètò ọrọ̀-ajé Sáàpù dé tí náírà di bébà ni ikọ́ gbé Walter dè. Ikọ́ náà kò gbọ́ ti àgbo, kò gbọ́ ti oògùn kẹ́mísítì. Nígbà tó di pé ó ń wú ẹ̀jẹ̀, Susannah mú un lọ sí ilé-ìwòsàn. Láyé àwọn olóṣèlú, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wo ènìyàn níbẹ̀, kí èèyàn ṣáà ti lè tò. Ṣùgbọ́n àwọn sójà ti dé, ọ̀fẹ́ sì ti bá àwọn olóṣèlú lọ. Dókítà tó wò ó, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń fi pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀, ní kókó kan wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ó ní wọ́n ṣì lè gé e kúrò ní Ìbàdàn bí wọ́n bá tètè gbé e lọ, àmọ́ owó ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà kí wọ́n tó fún un ní bẹ́ẹ̀dì.

"Dókítà, ṣé sìgá ló fà á ni?" Susannah bi í.

"Ó lè jẹ́ sìgá, mà. Ó sì lè jẹ́ ọ̀dà tí wọ́n ti ń fín láti bí ọdún mélòó yìí láìbo imú. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé èyí ni tàbí ìyẹn ni."

Òwú àti bọ́tìnnì ni Susannah ń tà ní ọjà Òkè-Àjẹ́. Ó ta yẹtí góòlù rẹ̀, wọ́n ta ẹ̀rọ tí Walter fi ń fín ọ̀dà, owó náà kò dé ìdajì ọ̀nà. Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, nítorí Ẹgbẹ́ Ìrẹ́pọ̀ wà.

Ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin nínú ìjọ wọn ni. Nígbà tí ìwòsàn ọ̀fẹ́ dópin ni wọ́n fẹnu kò pé kí olúkúlùkù máa dáwó lóṣooṣù, kí wọ́n lè fi wo ọmọ ẹgbẹ́ tó bá dùbúlẹ̀. Walter kò jẹ gbèsè oṣù kan rí, kò sì gba kọ́bọ̀ níbẹ̀ rí. Òfin kan ni wọ́n ṣe sí i: àìsàn àmúwá Ọlọ́run ni ẹgbẹ́ yóò san owó rẹ̀, ẹgbẹ́ kò ní sanwó àìsàn àfọwọ́fà. Ọjọ́ tí wọ́n ṣòfin náà, gbogbo wọn ló pàtẹ́wọ́, Walter pàápàá pàtẹ́wọ́. Ta ni kò ní pàtẹ́wọ́? Ta ló fẹ́ kí wọ́n máa fi òógùn ojú òun wo ọ̀mùtí?

Akọ̀wé ẹgbẹ́, Tísà George, ọ̀rẹ́ Walter ni. Nígbà tó ku ọ̀la kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ wá kí aláìsàn, ó yà sí ìsọ̀ Susannah, ó rọra bá a sọ̀rọ̀.

"Màmá Ṣẹ́gun, tí àwọn àgbà bá bi ọkọ yín léèrè, kí wọ́n sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni. Kí wọ́n má dárúkọ sìgá rárá. Irọ́ kọ́ o, dókítà fúnra ẹ̀ ò ṣáà mọ èyí tó fà á."

Nígbà tí Susannah jíṣẹ́ yìí fún ọkọ rẹ̀, ọkùnrin náà fi ikọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní kò burú, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò lè ṣòro fún òun láti há sórí.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ dé. Bàbá Ìjọ, Albert Ọ̀ṣínúbi, ló ṣáájú wọn, nínú Pijó tí Walter kùn ní àwọ̀ ewé, tó ń dán gbinrin níwájú ilé. Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi. Bàbá Ìjọ bèèrè bí àìsàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀, Walter sì dáhùn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, "Àmúwá Ọlọ́run ni, Bàbá." Bàbá Ìjọ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. George mí kanlẹ̀. Susannah dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ń rò ó lọ́kàn irú mọ́tò tí wọn yóò wọ̀ lọ sí Ìbàdàn.

Bó bá jẹ́ pé wọ́n dìde lásìkò yẹn ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti bùṣe. Àmọ́ a kì í kí aláìsàn ká má gbàdúrà fún un, Bàbá Ìjọ kì í sì í gbàdúrà ṣókí. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ a máa dínà àdúrà, kí Walter kọ́kọ́ túúbá níwájú Ọlọ́run kí àwọn tó gbàdúrà. Kò ní ète burúkú kankan, bó ṣe máa ń ṣe sí gbogbo aláìsàn nìyẹn.

Gbogbo wọn dijú. Walter tó ń fi gbogbo ayé ṣẹ̀fẹ̀, kì í bá Ọlọ́run ṣẹ̀fẹ̀ ní tirẹ̀. Ó sọ ọ́ ketekete.

"Olúwa, ọwọ́ mi ni mo fi fà á. Ìyàwó mi sọ fún mi, mi ò gbọ́. Sìgá ni. Dárí jì mí."

"Àmín!" ni gbogbo wọn wí, ti Bàbá Ìjọ ló sì ròkè jù. Susannah la ojú. George náà ti la tirẹ̀. Wọ́n wo ara wọn, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́, nítorí ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó.

Obìnrin kì í wọ ìpàdé Ẹgbẹ́ Ìrẹ́pọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ Walter yẹ̀ wò, Susannah jókòó sórí àtẹ̀gùn níta gbọ̀ngàn, lábẹ́ fèrèsé, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. George gbìyànjú. Ó ní àdúrà ni ọkùnrin náà ń gbà, kì í ṣe pé wọ́n fi í sábẹ́ ìbúra ní kóòtù. Ó sọ ohun tí dókítà wí nípa ọ̀dà. Ó ní, "Bàbá, àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ẹ jẹ́ ká wo èyí tó ṣeé wò." Nígbà tí ìyẹn kò ràn wọ́n, inú bí i, ó rán wọn létí Simeon tó mu ẹmu yó, tó gun máṣíìnì wọ gọ́tà lọ́nà Ayépé, tí ẹgbẹ́ sì san owó ẹsẹ̀ rẹ̀ pátá.

"Simeon ní ayé ló ti òun," Bàbá Ìjọ dáhùn. "Kò jẹ́wọ́. Ẹni tó jẹ́wọ́ la gbọ́ tẹnu ẹ̀. Àánú Walter ń ṣe mí, ṣùgbọ́n tá a bá san èyí, kí la fẹ́ sọ fún ẹni tó bá tún dé lọ́la?"

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, Bàbá Ìjọ kì í ṣe ìkà. Nígbà tí ìpàdé parí, ó fi nǹkan díẹ̀ láti inú àpò ara rẹ̀ sí Susannah lọ́wọ́, ó ní kó fi ra mílíìkì fún Walter. Susannah ì bá pariwo. Ì bá bi wọ́n pé ṣé òpùrọ́ nìkan ni àìsàn tirẹ̀ ń ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀ràn bá ṣì ń bẹ lọ́rùn rẹ̀ kì í bá àgbà jà. Ó gba owó mílíìkì, ó dúpẹ́, ó lọ sílé lọ sọ fún ọkọ rẹ̀.

Walter kò bínú. Ojú ló tì í. "Mi ò mọ̀ pé ìpàdé la wà," ló sọ. "Àdúrà ni mo rò pé à ń gbà."

Susannah kò jókòó. Ó dé Òdógbolú lọ́dọ̀ àwọn ẹbí bàbá rẹ̀, ó tọrọ, ó yá, ó sunkún. Gbogbo ìgbà tó bá kó nǹkan jọ, owó oògùn ojoojúmọ́ ni yóò jẹ ẹ́. Nígbà tó padà mú Walter dé ọ̀dọ̀ dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo fọ́tò àyà tuntun, ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó sì ní kó máa mú ọkọ rẹ̀ lọ sílé. Walter kú nínú ọ̀gbẹlẹ̀, láàárọ̀, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń po ẹ̀kọ fún un.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni Ẹgbẹ́ Ìrẹ́pọ̀ dé pẹ̀lú owó ìsìnkú. Wọ́n kéde rẹ̀ sókè lójú ẹbí, bí àṣà ṣe rí. Susannah gbọ́ iye rẹ̀. Ó ju ohun tí Ìbàdàn bèèrè lọ. George kò lè gbójú sókè. Bàbá Ìjọ ló ṣàlàyé, ohùn rẹ̀ sì kún fún ìbánújẹ́ tòótọ́.

"Kò sí àfọwọ́fà nínú ìsìnkú, Màmá Ṣẹ́gun. Ikú tó wù kó pa ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí a sin ín dáadáa."

Wọ́n sì sin ín dáadáa lóòótọ́. Pósí rẹ̀ ń dán ju mọ́tò lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Edith, ẹ̀gbọ́n Walter obìnrin, ní Susannah gbọ́dọ̀ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Susannah ní òun kò lè lọ. Edith ní, "Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa bú àbúrò mi nínú sàréè ni?" Ló bá wọ aṣọ dúdú rẹ̀, Edith sì mú un lọ.

Ó kúnlẹ̀ níwájú wọn ní gbọ̀ngàn, ó ní wọ́n ṣeun, ó ní wọ́n kú ìnáwó, ó ní wọ́n kú ìdúró. Ó wá ku gbólóhùn kan, èyí tí ọlọ́fọ̀ kì í ṣàì fi kádìí ọpẹ́ nílẹ̀ Yorùbá: Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká fi irú ẹ̀ san án fún yín. Gbogbo wọn ti ń múra láti ṣe àmín. Susannah ya ẹnu. Kò fẹ́ ṣépè fún ẹnikẹ́ni, Ọlọ́run mọ̀, ó ń wá gbólóhùn náà tọkàntọkàn. Kò rí i. Edith fi ẹsẹ̀ kàn án lẹ́yìn. Bàbá Ìjọ tẹ orí síwájú díẹ̀, ó ń retí. Susannah wà lórí eékún rẹ̀ níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan tó jáde.