Má-gbé-e-sílẹ̀

Ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Má-gbé-e-sílẹ̀, orúkọ náà sì bá a dé ilé. Ògiri òkúta ló ń mọ, irú èyí tí a kì í fi sìmẹ́ńtì sí: òkúta á jókòó lórí òkúta, òkúta wẹ́wẹ́ á há àárín wọn, ìwúwo wọn á sì dì wọ́n mú. Òfin kan ṣoṣo ló fi ń kọ́ni. Òkúta tí o bá ti gbé, má gbé e sílẹ̀ láìrí ibi tí yóò jókòó sí; máa yí i lọ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ yóò fi sọ fún ọ. Ẹni tó bá ń gbé e tó tún ń sọ ọ́ kalẹ̀, alárù ni, kì í ṣe mọlémọlé.

Àtẹ́lẹwọ́ náà ló kọ́kọ́ kú. Òòlù tó ti ń gbá láti ìgbà ọ̀dọ́ ti ba ìka rẹ̀ jẹ́. Ọjọ́ tó fi ọwọ́ lásán ṣí ìkòkò tó ń hó, tí ìyàwó rẹ̀ figbe ta, ló mọ̀ pé òun kò mọ ìgbóná mọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọwọ́ òun yi. Láti ìgbà náà kò gba iṣẹ́ mọ́. Ẹ̀yìn ló ní ó ń dun òun.

Òjò wá wó apá kan ọgbà ilé tirẹ̀, níbi tí ìyàwó rẹ̀ ń sá aṣọ sí. Kó tó kan òrùlé pàápàá ló ti mọ ọgbà yẹn, lọ́dún tó gbé ìyàwó. Àbúrò rẹ̀, tó ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé, wá wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n kó búlọ́ọ̀kù wá."

"Búlọ́ọ̀kù? Nínú ọgbà mi? Ṣé mo ti kú ni?"

"Ẹ ò kú. Àmọ́ bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀."

"Èmi ni mo gbẹ́ èkù tèmi. Bí mi ò bá dí i títí ọ̀la, kó ìdọ̀tí rẹ wá."

"Ìdọ̀tí ọ̀hún ló ń bọ́ ọmọ mi o!"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ta okùn, ó gbé òkúta, ó yí i. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dákẹ́. Ó fi ojú wá ibi tí yóò sọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n lójú, gbogbo òkúta ló jọ pé ó bá gbogbo àlàfo mu. Ó yí i títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Níkẹyìn, ó gbé e sílẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ rí i láti ẹnu ọ̀nà. Kíá ló yíjú, ó ń gbọn aṣọ tó ti gbẹ tipẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò ka èyí tó ń sọ kalẹ̀ mọ́. Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, ó ti dí àlàfo náà.

"Ó mà dára o, Bàbá àwọn ọmọ."

"Má purọ́ fún mi."

Ó fi èjìká ti ògiri náà, bó ti máa ń ṣe níwájú onílé kó tó kó irinṣẹ́ rẹ̀. Òkè rẹ̀ ya lulẹ̀ gbì. Ìyàwó rẹ̀ sáré dé.

"Ẹ̀jẹ̀ ń jáde lọ́wọ́ yín!"

Ọkùnrin náà wolẹ̀, ó rí i. Obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń tẹ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lára? Èyí ń kọ́? Èyí?"

Ó mi orí pé rárá.

"Ó ti pẹ́?"

"Ó ti pẹ́."

"Ẹ ò sì sọ fún mi."

Ọkùnrin náà ní, "Pe àbúrò mi."

Àbúrò kó búlọ́ọ̀kù dé, kò dápàárá. "Ẹ̀gbọ́n, kí n to àwọn òkúta yìí síbì kan fún yín?"

"Ta ni yóò lò wọ́n? Ìpìlẹ̀ rẹ á fẹ́ wẹ́wẹ́. Fọ́ wọn."

Ó wọlé, ó jókòó, ó kẹ̀yìn sí fèrèsé. Òòlù bẹ̀rẹ̀. Òkúta tó ti sán nínú máa ń dún bòkù. Èyí tó yè máa ń dún kooro. Etí rẹ̀ kò tíì kú. Kooro, kooro, ni gbogbo wọn ń dún, kò sí èyí tó sán nínú wọn.

Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ dé, ó dúró tì í.

"Gbé e sílẹ̀," ọkùnrin náà wí.

Oúnjẹ náà tutù níbẹ̀. Níta, òkìtì òkúta tí wọn kò tíì fọ́ ṣì kù.