Ẹ́ńjìnnì Agégi Tó Kọ̀ Tí Kò Sitáàtì

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì agégi wa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣagídí, àbúrò mi ni mo kọ́kọ́ fura sí. Àwa méjèèjì la jọ ni ín. Igi ìdáná la fi ń gé fún àwọn obìnrin tó ń yan gàrí láti Ijoun títí dé Ọjà-Ọ̀dàn. Ilé bàbá wa là ń gbé pẹ̀lú Màmá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn la sì máa ń gbé ẹ́ńjìnnì náà sí pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì epo rẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ti fa okùn rẹ̀ báyìí, ó ti ké. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ ọdún yẹn, mo lè fa okùn títí apá á fi máa ro mí, kò ní ṣe ju kó húkọ́ kó sì dákẹ́ lọ. Mo yọ púlọ́ọ̀gì, ó tutù rinrin. Mo nù ún, mo fi ọ̀bẹ ha dúdú orí rẹ̀ kúrò. Mo ra tuntun. Mo tú fílítà, mo gbọn lẹ́búlẹ́bú igi inú rẹ̀ dànù. Pàbó ló já sí.

Ohun tó gbé ìfura sí mi lọ́kàn ni pé ọ̀rọ̀ náà kò jọ pé ó dun àbúrò mi. Bí mo ṣe ń làágùn, orí kùkùté ló jókòó sí, ó ń tẹ fóònù. Mo bi í pé, "Ṣé o máa ń gbé ẹ́ńjìnnì yìí jáde lẹ́yìn mi?"

"Gbé e lọ síbo, Ẹ̀gbọ́n?"

"Èmi ò mọ̀. Bóyá o lọ fi gé igi fún ẹlòmíràn, o wá rọ epo sí i láìpo ọ́ìlì mọ́ ọn."

Ó gbójú sókè. "Ẹ̀yin lẹ máa ń ra epo. Ẹ bi ara yín léèrè ibi tí ẹ ti ń rà á."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Bó bá pẹ́ kó tó wọlé, màá lọ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì bóyá ó gbóná. Màá gbọ́ òórùn aṣọ rẹ̀ lórí okùn bóyá epo ń rùn lára rẹ̀. Mo tiẹ̀ da eérú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí kẹ́ẹ̀gì ká kí n lè rí ẹsẹ̀ ẹni tó bá débẹ̀. Nígbà tí mo toko dé, Màmá ti gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo ní àṣé kò tiẹ̀ sí ohun tí ènìyàn lè dẹ sínú ilé yìí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin kan ní ká wá gé igi ayùnrẹ́ tó wó sẹ́yìn ilé òun. A fa okùn, a fa okùn, ẹ́ńjìnnì ò dáhùn. Ojú wa níbẹ̀ ló ti pe àwọn agégi mìíràn. Ìtìjú yẹn ló mú mi bu epo kẹ́ẹ̀gì wa sínú ìgò kan, mo fẹ́ gbé e lọ fi han ìyá tó ń ta epo fún wa lẹ́bàá títì. Kí n tó wọ bàtà, epo tó wà nínú ìgò ti pín sí méjì. Èyí tí ọ́ìlì ti sọ di aláwọ̀ ewé wà lókè, omi funfun sì wà nísàlẹ̀.

Mo gbé e síwájú ìyá elépo. Wọn ò bínú. Wọ́n bu epo tiwọn sínú ìgò mìíràn, wọ́n gbé e sórí bẹ́ńṣì, àwa méjèèjì jókòó tì í. Kò pín.

"Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "omi yẹn, ilé yín ni kí ẹ ti lọ wá ẹni tó dà á."

Bí mo ṣe dé ilé, mo bá àbúrò mi nídìí oúnjẹ. Mo gbé ìgò náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ìwọ lo ń bu omi sí epo yìí. O fẹ́ kó sú mi, kí n lè fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ fún ọ."

Ó dìde, ọbẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ ti ń gbọ́ òórùn aṣọ mi láti ọjọ́ yìí, ẹ rò pé mi ò rí yín. Ẹ ti ń pè mí lólè nínú ọkàn yín tipẹ́."

Màmá yọ láti ilé ìdáná. "Fi ọmọ yẹn sílẹ̀," ni wọ́n wí. "Èmi ni."

Mo rò pé wọ́n fẹ́ gbà á sílẹ̀ ni. Ni wọ́n bá rán wa létí igi àràbà tá a gé létí odò kí ẹ́ńjìnnì tó bẹ̀rẹ̀ agídí. Igi náà yí padà bó ṣe ń ṣubú, ibi tí àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ló wó lé. Màmá wà nítòsí níbi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ igi wẹ́wẹ́, wọ́n rí i.

"Ẹ̀yin rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn," ni Màmá wí. "Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Bí mo bá ní kẹ́ ẹ má lọ, ẹ ò ní gbọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ní kẹ́ ẹ má lọ, ẹ ó jókòó sílé."

Mo da gbogbo epo inú ẹ́ńjìnnì nù, mo fi tuntun ṣan ikùn rẹ̀, mo rọ òmíràn sí i. Mo fa okùn, ó ké. Màmá wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Mo ṣèlérí fún wọn pé a ò ní gé igi tó wà lóòró mọ́, àfi èyí tó bá ti wó fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n àbúrò mi kò dúró. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní òun ti gbọ́, síbẹ̀ ó kó ẹrù rẹ̀ sórí ọ̀kadà, ó lọ dáko ẹ̀gẹ́ lọ́nà Ìmẹ̀kọ. Ó máa ń wá kí Màmá. Èmi náà, á kí mi bí wọ́n ṣe ń kí àlejò.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ló gbé iṣu wá fún Màmá, ló bá dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé igi kankan wà nílẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ gé?"

Mo ní ọ̀kan wó sí oko lánàá. A jọ lọ. A gé e títí oòrùn fi kan àtàrí, bí apá bá ti ń ro mí, á gba ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ mi.